Ká Kọ́kọ́ Lé Akátá Lọ Ná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Kò sẹ́ni tí kò mọ òwe yìí láàárín wa. À ń pa á níbi ìpàdé ẹbí, à ń pa á níbi tí onílé àti ayálégbé bá ti ń jà, àwọn olóṣèlú pàápàá ò jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òwe náà ti wúlò ju ibi gbogbo lọ, ibẹ̀ gan-an la sì ti máa ń gbàgbé rẹ̀. Ibẹ̀ ni pálọ̀ wa, lọ́jọ́ tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì bá gbé ohun tí kì í ṣe oúnjẹ mì.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé kan, irú ilé tó pọ̀ ní Mushin, ní Agége, àti ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Ìyá ti lọ sọ́jà, bàbá wà níbi iṣẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá, ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ kékeré. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Rìmóòtù kékeré kan ti já bọ́ láti orí tábìlì, ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, bátìrì pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀ sì yọ sílẹ̀, ó ń dán gbinrin. Kí ọmọbìnrin yìí tó nu ọwọ́ tán, ọmọ ti gbé e sẹ́nu, ó ti gbé e mì. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sunkún díẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún padà sídìí eré rẹ̀.

Kí ni ọmọ ọ̀dọ̀ yìí máa ṣe? Gbogbo wa la mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó yẹ kó figbe ta, kó pe aládùúgbò, kí wọ́n tẹ ìyá láago. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kọ́ ni mo bi yín o, ohun tó máa ṣe ni. Ọmọbìnrin náà rántí ọjọ́ tó fọ́ ife. Ó rántí ìgbátí tó jẹ lọ́jọ́ náà. Ó wo ọmọ, ó rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ‘Á bá ìgbẹ́ jáde.’ Ó dá ìdérí rìmóòtù padà, ó panu mọ́. Nígbà tí ìyá fi máa dé nírọ̀lẹ́, itọ́ ti ń dà lẹ́nu ọmọ, kò fẹ́ jẹun, ara rẹ̀ sì ti ń gbóná. Ìyá ní eyín ló fẹ́ hù. Bàbá ní ibà ni. Wọ́n rọ oògùn ibà fún un, ilẹ̀ sì ṣú.

Àfojúinúwò ni ilé tí mo sọ yìí, mi ò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àfojúinúwò rárá. Ta ló jẹ̀bi níbẹ̀? Àti pé, èyí tó jinlẹ̀ jùyẹn lọ: ǹjẹ́ ó tọ́ ká máa wá ẹlẹ́bi kiri nígbà tí nǹkan ṣì wà lọ́fun ọmọ?

OHUN TÓ WÀ LỌ́FUN

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé nǹkan mì. Ẹnu ni wọ́n fi ń mọ ayé. Ohun tí àgbà bá fojú wò, tó fọwọ́ yẹ̀ wò, ọmọdé á fi ahọ́n tọ́ ọ wò ni. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe pé ayé ló ń ṣe é. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn. Owó kọ́bọ̀, ìlẹ̀kẹ̀, yẹtí, bọ́tìnì aṣọ, pínnì, ìṣó, eegun ẹja: kò sí èyí tí ọmọ ò lè gbé mì nínú wọn. Ní ọdún 1973 tí náírà àti kọ́bọ̀ dé, kọ́bọ̀ ló kún orí tábìlì wa. Lónìí, agbára káká la fi ń rí kọ́bọ̀ nílé ẹnikẹ́ni. Bátìrì pẹlẹbẹ ló gbapò rẹ̀. Ó wà nínú aago ọwọ́, nínú rìmóòtù, nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ìgbàlódé, nínú ohun ìṣeré tó ń kọrin, àti nínú àbẹ́là oníná tí wọ́n ń tò sórí tábìlì lọ́jọ́ àríyá.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan tí ọmọ bá gbé mì ló ń gba ara kọjá láìsí wàhálà. Àwọn dókítà máa ń sọ pé nínú mẹ́wàá, ó tó mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án tó jẹ́ pé tó bá ti lè dénú ikùn, á bá ìgbẹ́ jáde fúnra rẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n òun náà ló ń tàn wá jẹ. Nítorí pé ọmọ aládùúgbò gbé kọ́bọ̀ mì lọ́dún kan tí kò sí nǹkan tó ṣe é, a ti gbà pé bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta kan wà tí kì í ṣe ẹgbẹ́ kọ́bọ̀.

Èkíní ni bátìrì pẹlẹbẹ tí mo sọ yìí. Èyí tó burú jù nínú wọn ni èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 20, tí agbára iná rẹ̀ sì jẹ́ fóòtì 3. Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ CR2032 sí i lára. Bó ṣe fẹ̀ tó yẹn, ó máa ń há sí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kọjá lọ́fun ọmọ kékeré. Tó bá ti há síbẹ̀, itọ́ ọmọ á di wáyà fún un, iná á sì máa kọjá láti ojú kan dé èkejì. Níbi tí ojú òdì rẹ̀ bá ti kan ẹran ara, omi oró kan á máa pọ̀ níbẹ̀, irú oró kan náà tó wà nínú sódà tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò. Ẹ ti rí ohun tí sódà ń ṣe sí ọwọ́ ẹni tí kò bá ṣọ́ra. Ẹ wá fojú inú wo ọ̀fun ọmọ jòjòló. Láàárín wákàtí 2 péré, ó lè jó ibẹ̀ jinlẹ̀ gan-an. Bó bá pẹ́ síbẹ̀, ó lè lu ihò láti ọ̀nà oúnjẹ bọ́ sí ọ̀nà èémí. Ó lè jẹ́ kí ọ̀fun fún pọ̀ títí ọmọ ò fi ní lè gbé òkèlè mì mọ́. Èyí tó ń dẹ́rù bani jù ni pé ó lè jó dé ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Ẹ̀jẹ̀ sì lè ya lójijì ní ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ bátìrì náà, tí gbogbo ilé ti ń dúpẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé bátìrì tó ti kú ni. Èyí tí kò lè gbé aago mọ́ ṣì ní iná tó tó jó ọmọ.

Èkejì ni òòfà, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní máginẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ó lè kọjá. Ṣùgbọ́n tó bá pé méjì, tàbí tó jẹ́ òòfà kan pẹ̀lú irin kan, wọ́n á máa wá ara wọn kiri nínú ìfun. Ọ̀kan á wà ní apá kan ìfun, èkejì á wà ní apá mìíràn, wọ́n á sì fa ara wọn mọ́ra. Ẹran ìfun tó bá há sí àárín wọn á kú, á lu. Ẹ̀kẹta ni ohun tó mú ṣóńṣó, bíi pínnì tó ṣí sílẹ̀, abẹ́rẹ́, àti eegun ẹja. Àwọn wọ̀nyí ò níí jó, wọ́n ò níí fa ara wọn, gígún ni wọ́n ń gún.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Kọ́bọ̀ tó ti wà nínú ikùn lè ní sùúrù títí di ọ̀la. Bátìrì tó wà lọ́fun ò ní sùúrù. Òòfà kan ò dà bí òòfà méjì. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni dókítà nílò kó tó mọ bó ṣe máa sáré tó: Kí ni ọmọ gbé mì? Mélòó ni? Aago mélòó ni? Ẹ ò ní sọ pé, ṣebí ẹ́kísíréè wà? Ó wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ribiribi. Tí wọ́n bá fara balẹ̀ wo àwòrán rẹ̀, wọ́n lè mọ bátìrì yàtọ̀ sí owó, nítorí etí bátìrì máa ń yọ bí òrùka méjì tó wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ́kísíréè kì í sáábà rí ike, kì í rí igi, ọ̀pọ̀ eegun ẹja ló sì ń fò ó ru. Kò sì sí ẹ́kísíréè kankan láyé yìí tó lè sọ aago tí ọmọ gbé nǹkan mì. Ẹni tó lè sọ ìyẹn ni ẹni tó wà níbẹ̀. Bí ẹni náà bá ń bẹ̀rù, a ti pàdánù idajì oògùn kí a tó kúrò nílé.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ń PANI LẸ́NU MỌ́

Kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu wa nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀? ‘Níbo lo wà?’ ‘Ta ló gbé e síbẹ̀?’ ‘Kí lò ń fojú ẹ wò?’ Bàbá ń pariwo mọ́ ìyá. Ìyá ń pariwo mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ń wo ẹ̀gbọ́n ọmọ, ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún sì ti sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọkọ ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo rẹ̀? ‘Ta ni?’ ni gbogbo wọn ń bèèrè. Kò tíì sí ẹni tó bèèrè pé ‘Kí ni?’

Ìbéèrè ‘Ta ni?’ ti sọ pálọ̀ di kóòtù. Ní kóòtù, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ò gbọdọ̀ tètè sọ̀rọ̀, ohun tó bá sọ lè di ẹ̀rí lòdì sí i. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa wẹ ara wọn mọ́. Àwọn ló sì yẹ kó máa sọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn àgbà tó sọ pé ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìbínú ń dìde jà fún ọmọ, òun gan-an ló sì ń dínà ìrànlọ́wọ́ mọ́ ọmọ náà.

Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ló ń fi nǹkan pamọ́ o. Ìyá míì mọ̀ dájú pé ọmọ gbé nǹkan mì, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí ọkọ máa sọ. Á kọ́kọ́ gbìyànjú tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Á fún ọmọ ní òkèlè ẹ̀bà ńlá kan kó fi ti nǹkan náà wọlé. Á da epo pupa sí i lẹ́nu. Á ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Wákàtí ń lọ. Nígbà tó bá wá di dandan kó lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà lè jágbe mọ́ ọn níṣojú èrò pé, ‘Irú ìyá wo ni ẹ̀yin?’ Ẹni tí wọ́n bá ti pàdé báyẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣé ẹ rò pé á sọ pé àná lọ́rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀? Á ní, ‘Ní àárọ̀ yìí ni, nọ́ọ̀sì.’ Dókítà á sì máa ṣiṣẹ́ lórí aago irọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: ọmọ ló ń san gbèsè èébú tẹ́ ẹ bá bú ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n máa ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. A rò pé àwọn oníjìbìtì lòwe yìí ń bá wí. Inú ilé wa lọjà náà wà. Ọmọbìnrin tó bá sọ òtítọ́ fún wa, ìgbátí la fi ń san án. Èyí tó bá purọ́, kò sí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́nu. Tá a bá ti ń ra irọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì, ẹ má jẹ́ kó yà wá lẹ́nu pé irọ́ ló gbé wá fún wa lọ́jọ́ tí ẹ̀mí ọmọ wà nídìí ẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, ‘Àbí kí wọ́n máa ba nǹkan jẹ́ ká máa wò wọ́n níran? Bí a ò bá bá wọn wí, ṣé wọ́n á lè ṣọ́ra?’ Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò sì fẹ́ fojú di í. Ìtọ́jú ọmọ kì í ṣe eré. Ẹni tá a fi ọmọ tì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀mí ló wà lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sídìí òwe wa. Òwe náà ò sọ pé adìẹ ò jẹ̀bi. Ó sọ pé ìgbà ìbáwí rẹ̀ ò tíì tó ni. Akátá àkọ́kọ́, adìẹ ìkejì. Ẹni tó bá dojú rẹ̀ dé, tó ń lu adìẹ nígbà tí akátá ṣì wà láàfin, ó ti di olùrànlọ́wọ́ akátá.

Ẹ jẹ́ ká sì ya ẹ̀ṣẹ̀ méjì sọ́tọ̀. Gbígbàgbé bátìrì sílẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Èwo ló wúwo jù? Tó bá jẹ́ ti bátìrì, kejì ni. Àìṣọ́ra gba ìṣẹ́jú kan péré, kò sì sí abiyamọ tí ìṣẹ́jú kan ò já lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìfipamọ́ ló ń jẹ gbogbo wákàtí tó kù. Bí a bá wá ń fi pàṣán kan náà na ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì, èèyàn á yan èyí tí wọ́n lè má mọ̀ nípa rẹ̀. Ọgbọ́n lásán ni. Àwa náà á ṣe bẹ́ẹ̀ tá a bá wà ní ipò wọn.

Ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ńkọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlá? Ṣé ó jẹ̀bi? Mo ní ó ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2003 ka ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ọmọ méjì la fi sílé lọ́jọ́ náà, a kàn pe ọ̀kan nínú wọn ní àgbà ni. Ẹni tó sọ ọmọdé di olùtọ́jú ọmọdé ò lè bọ́ kúrò nínú ẹjọ́ náà pátápátá. Bàbá tó pààrọ̀ bátìrì aago, tó sọ ògbólógbòó sórí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n, ó nípìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá tó ra ohun ìṣeré olówó pọ́ọ́kú lójú títì nígbà tí mọ́tò há nípìn-ín níbẹ̀. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, igba èèyàn ló yẹ kó pín ẹ̀bi náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣe wa: ọmọ tó bá gba ẹ̀bùn níléèwé, ọmọ wa ni, èyí tó bá gbé bátìrì mì, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

ÌBÁWÍ TÓ LÉRÈ

Mi ò sọ pé ká má béèrè ohun tó fà á. Ìbéèrè náà lákòókò tirẹ̀, tí ó bá sì dé àkókò tirẹ̀, ó ń gba ẹ̀mí là. Dókítà kan wà ní ìlú Philadelphia l'Amẹ́ríkà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ wa ní èyí. Chevalier Jackson lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1865, ó kú ní 1958. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníná bọ ọ̀fun àwọn èèyàn, pàápàá àwọn ọmọdé, kó máa fi yọ ohun tó há sí wọn lọ́nà oúnjẹ tàbí ọ̀nà èémí. Pínnì, bọ́tìnì, ìṣó, owó, eegun: ó ń tọ́jú wọn pa mọ́ ni, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bí ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan ṣe lọ. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Títí di òní, wọ́n wà ní Mütter Museum ní ìlú náà, 2,374 ni iye wọn. Ó fẹ́ kí àwọn dókítà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọ́ ẹ̀kọ́ lára wọn.

Ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá bá a, àwọn kan wà tí wọ́n mu omi sódà tí ìyá wọn fi ń fọ ilé. Ọ̀fun wọn á jó, á fún pọ̀, omi lásán ò níí lè kọjá mọ́. Oró kan náà tí mo ní bátìrì ń ṣe jáde rèé. Dókítà Jackson lè máa pariwo mọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn títí á fi kú, kò níí tán. Ó wò ó pé inú agolo tí kò sí ìkìlọ̀ kankan lára rẹ̀ ni wọ́n ń ta sódà náà, bí ẹni ń ta ṣúgà. Ọ̀dọ̀ ìjọba ló kọjú sí. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi ṣòfin ní 1927 pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ta irú oró bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba pé oró ni.

Ọ̀rọ̀ bátìrì náà ti ní irú rẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà 2020, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Reese, tí kò tíì pé ọdún méjì, kú ní Texas, l'Amẹ́ríkà kan náà, lẹ́yìn tó gbé bátìrì rìmóòtù mì. Ìyá rẹ̀ lè sé ara rẹ̀ mọ́lé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ síta, ó ń sọ ọ́ kiri, títí wọ́n fi ṣòfin ní 2022, orúkọ ọmọ náà ni wọ́n sì fi pè é. Òfin náà ní kí àwọn tó ń ṣe ohun tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ dé ojú rẹ̀ pa lọ́nà tí ọmọdé ò fi ní lè ṣí i, kí wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ sí i lára.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú ìbéèrè wọn àti tiwa. Àwa ń bèèrè ẹni tí a máa nà. Àwọn ń bèèrè ohun tí a máa tì pa kó má tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíì. Ìbáwí tí kò bá mú nǹkan kan yí padà nínú ilé, ariwo ni. Ọmọ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó sọ ọ̀bẹ nù. Ọ̀bẹ ti ṣe ohun tó máa ṣe. Bí a bá lé ọmọ ọ̀dọ̀ padà sílé wọn, tí bátìrì ṣì wà lórí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀bẹ la sọ nù yẹn.

Kí wá ni ká ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan dá àdéhùn kan kalẹ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Kí bàbá tàbí ìyá pe gbogbo ilé jókòó, àtọmọ ọ̀dọ̀ àtẹ̀gbọ́n àtàbúrò, kó sọ ọ́ pé: ‘Ẹnikẹ́ni tó bá sáré wá sọ fún mi pé ọmọ gbé nǹkan mì, tàbí pé ó wà nínú ewu, mi ò ní nà án, mi ò ní bú u, ì báà jẹ́ òun ló fà á.’ Lẹ́yìn náà, kó mú un ṣẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá mú un ṣẹ, gbogbo ilé á gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá yẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́ mọ́. Bá a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ẹ jẹ́ ká fi ti òsì fà á mọ́ra, kó lè rí ojú wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fara balẹ̀ yẹ ilé yín wò lónìí. Gbogbo ohun ìṣeré tó bá ń kọrin tàbí tó ń tàn, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá lè fi èékánná ṣí i, ọmọ náà á ṣí i. Èyí tí kò bá ní síkúrù, ẹ má fún ọmọdé. Bátìrì tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè dé títí ẹ ó fi sọ ọ́ nù.

Lẹ́ẹ̀kẹta, tó bá ti ṣẹlẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá fura pé ó ṣẹlẹ̀, ọsibítù tó ní ẹ́kísíréè ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ. Ẹ má dúró de ìgbẹ́. Ẹ má mú un bì, ẹ má fi òkèlè ti nǹkan náà, ẹ má fún un lóúnjẹ. Tó bá jẹ́ bátìrì, tí ọmọ ti lé lọ́dún kan, tó sì lè gbé nǹkan mì, tí kò tíì ju wákàtí 12 lọ, àwọn onímọ̀ ní kẹ́ ẹ fún un ní oyin ṣíbí kékeré méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kó má ju ìgbà mẹ́fà lọ, bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ. Oyin ń dín jíjó náà kù díẹ̀, kì í ṣe ìwòsàn. Ẹ má dúró torí pé ẹ̀ ń wá oyin. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò gbọdọ̀ lá oyin rárá. Ẹ mú rìmóòtù tàbí ohun ìṣeré náà dání, kí dókítà lè rí irú bátìrì tó wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ò lè mí, tí kò lè sunkún, ọ̀nà èémí ló dí, ìyẹn ò sì lè dúró de ọsibítù: ẹ dojú rẹ̀ dé, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn ní ìgbà márùn-ún, kẹ́ ẹ sì pariwo pe èèyàn. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láìrí nǹkan náà.

Kẹ́ ẹ sì mú ẹni tó wà níbẹ̀ dání lọ sí ọsibítù, ì báà jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ. Ẹ fà á mọ́ra nínú mọ́tò. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé kí ló rí, mélòó ni, aago mélòó ni. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, ẹ sọ fún un pé òun ni dókítà ń dúró dè. Kì í ṣe pé ẹ̀ ń tàn án. Òótọ́ ni.

Ìgbà tí akátá bá ti lọ, tí ọmọ bá ti sùn, tí ẹ ti mu omi, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ pe adìẹ. Àfàìmọ̀ kẹ́ ẹ má rí i nígbà náà pé ìyẹ́ adìẹ wà lára gbogbo wa.